Ṣé lóòótọ́ ni pé n kò nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè?

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí n ò sùn dáadáa, n ò sì rí ẹni tí mo lè finú hàn, torí bí mo bá sọ ọ́ nínú agboolé yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti dé Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè ìlú wa.

Irun ni mo ń dì ní Kétu ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí. Ọdún 11 rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ 7 ló ti gba òmìnira lọ́wọ́ mi. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn ló lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀ọ́kán mi gan-an. Tí oníbàárà mi bá ti yọ, á sáré jáde, "Ẹ káàbọ̀, àǹtí mi!" Ìdajì owó tí mò ń gbà ló ń gbà. Mo fẹjọ́ sun àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tún wá dá kún un. Níbi ìsọmọlórúkọ tá a ṣe ní Sátidé, lójú gbogbo èrò, ó ní àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ léèsì nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n rà. Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Léèsì mi lọ́jọ́ yẹn dára ju ti ìyàwó ẹ̀ lọ, òun ló ń dùn ún.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń mú èèyàn rìnrìn àjò ti wá bá mi. Ó ní níbi tí òun á mú mi lọ, irun tí wọ́n ń dì níbẹ̀ kò lópin, ohun tí mò ń rí ní ọ̀sẹ̀ méjì níbí, ọjọ́ kan péré ni níbẹ̀. Ó ní n kò nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kankan, pé Áfíríkà kan náà ni gbogbo wa, òfin ti wà lórí ẹ̀. Mo ti san nínú owó ọkọ̀, ó ku díẹ̀. Ọkọ mi ní kí n máa lọ. Ìyá ọkọ mi ní òun ò ní bá mi wo àwọn ìbejì, bẹ́ẹ̀ èmi yìí ni mò ń fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ fún ìyá yìí láràárọ̀ láti ọdún tó kọjá!

Ẹyọ ìbéèrè kan ni mo ní: ṣé òótọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Àkànní Àjàṣẹ́:
Òótọ́ ni, tàńtí. CEDEAO nìyẹn, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń pè ní ECOWAS lédè Gẹ̀ẹ́sì. Dákà ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní oṣù karùn-ún 1979: ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Nígbà tó di 1986, wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ kí o sì ṣiṣẹ́ kún un. 1990, wọ́n fi ti ẹni tó fẹ́ dá òwò sílẹ̀ kún un. Ẹ mú pàsípọ́ọ̀tù tàbí káàtì ìdánimọ̀ yín, ẹ mú ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, ó tán. Ẹ máa lọ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ l'Ékòó:
Fòfó Àkànní, ẹ rọra. 90 ọjọ́ yẹn, ti ẹni tó wọlé ni. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ gbọ́dọ̀ lọ gba káàdì ìgbélùú. Ní Nàìjíríà níbí, ọmọ ECOWAS ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, kì í ṣe èyí tí òyìnbó ń gbà. Iṣẹ́ ìjọba kò sí nínú ẹ̀tọ́ yẹn náà o, ẹ má tan obìnrin yìí.

Ọdún 9 ni mo ti ń ta aṣọ l'Ékòó. Ọdún kìíní, n ò gba nǹkan kan, mo rò pé Yorùbá ni gbogbo wa. Àwọn kan tó wọṣọ ìjọba dá ọkọ̀ wa dúró, wọ́n ní kí n sọ̀ kalẹ̀, owó tí mo fi bọ́ lọ́wọ́ wọn ju owó káàdì lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé Àgànyìn ni onílé mi ń pè mí. Èmi ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́! Mo kì í ní oríkì títí ó fi yọ owó iná fún mi, síbẹ̀ Àgànyìn náà ló tún pè mí lọ́jọ́ kejì.

Ìyá Aláró:
Ìbejì! Ìbejì lo fẹ́ fi sílẹ̀ nítorí ọmọ iṣẹ́ tó ń dirun ní ọ̀ọ́kán ẹ? Àwa náà rí ọmọ iṣẹ́ tó já wa sílẹ̀. Dín owó tìẹ náà kù, kí o sì jókòó ti àwọn ọmọ ẹ.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Mo ní kí ẹ má bú mi, mà. Àwọn ọmọ ti pé ọdún 6, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìlárá á mú wọn sọ́dọ̀. Tí mo bá dín owó kù, kí ni màá fi ra irun àtọwọ́dá tí mo fi ń dì? Ẹ kò mọ iye tí wọ́n ń ta á báyìí.

Bàbá Ọ̀họ̀rí:
Ìlú wo lo ń lọ?

Tàńtí Wàńdó:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àkànní ń ka òfin bí ẹni ka kéwú. Mo lọ Akárà ní Gánà, mo gba ṣọ́ọ̀bù, mo fi jíńgí olójú mẹ́rin sí i, mo ní CEDEAO ni mí. Oṣù karùn-ún, àwọn kan wá fi àgádágodo sí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní òfin Gánà ti 2013 ti sọ pé ilé irun dídì àti ilé ìgẹrun kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì, òwò kéékèèké inú ọjà náà kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì. Mo fi káàtì hàn wọ́n. Wọ́n ní káàtì mi dára, kí n gbé e, kí n máa lọ sílé.

Àkànní Àjàṣẹ́:
Òfin yẹn ta ko àdéhùn CEDEAO, tàńtí. Ẹ lè pẹjọ́.

Tàńtí Wàńdó:
Ẹ wá bá mi pè é. Ẹ sanwó lọ́yà.

Àkànní Àjàṣẹ́:
Ohun tó wà nínú ìwé ni mo sọ.

Tàńtí Wàńdó:
Inú ìwé náà ni ẹ máa gbé.

Ọmọ Kétu l'Ábíjàn:
Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ìyá wa. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti 2007 ni wọ́n ti fagi lé káàtì ìgbélùú fún ọmọ CEDEAO níbí, káàtì ìdánimọ̀ tiwa tó. Àwọn obìnrin wa tó ń dirun pọ̀ níbí, wọ́n ń kọ́lé sí Kétu.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ọlọ́run á gbé yín ga, ẹ̀yin Ábíjàn! Ẹ ti fi mí lọ́kàn balẹ̀. Faransé náà ni wọ́n ń sọ níbi tí mò ń lọ, n ò sì ní ìṣòro Faransé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi máa wò.

Bàbá Ọ̀họ̀rí:
Mo tún béèrè. Ìlú wo?

Ọmọ Kétu l'Ábíjàn:
Bàbá, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni? Ìyá wa, èló ni ẹni yẹn ń gbà lọ́wọ́ yín? Kí wọ́n má lọ rẹ́ yín jẹ. Láti Kútọnu, ẹ ó gba Lómé, ẹ ó gba Akárà, ọkọ̀ kan náà ni.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 650 sẹ́fà. Mo ti san 450. Ó ní kí n parí ìyókù kó tó di Fraidé, torí òru ni ọkọ̀ máa gbéra.

Ọmọ Kétu l'Ábíjàn:
Háà! Owó ọkọ̀ Ábíjàn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iye yẹn. Ọkọ̀ wo ni?

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ l'Ékòó:
Jésù.

Bàbá Ọ̀họ̀rí:
Ìyá Ìbejì. Ìlú wo?

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Gàbọ́ọ̀n. A máa kọjá sí Nàìjíríà ká tó wọkọ̀. Kí ló dé? Áfíríkà náà ṣáà ni.

Bàbá Ọ̀họ̀rí:
Ohun tí mo ń béèrè láti àárọ̀ nìyẹn. Gàbọ́ọ̀n kò sí nínú CEDEAO, kò sì tíì fìgbà kan sí níbẹ̀. Àárín gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n wà, wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn. Gbogbo ohun tí Àkànní kà sílẹ̀ lókè yẹn kò dé ibẹ̀. Físà lo máa gbà, ìwé àṣẹ iṣẹ́ lo máa gbà, káàtì ìgbélùú lo máa gbà. Bẹ̀nẹ̀ tiwa kì í béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà kankan, ìyẹn kò ní kí àwọn ẹlòmíì má béèrè lọ́wọ́ wa.

Bàbá mi ń ṣe káfíńtà ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀n. Ní 1978, lẹ́yìn tí ìjọba méjèèjì ti jà lórí àwọn tó wá yìnbọn ní Kútọnu ní oṣù kìíní 1977, wọ́n lé àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ òfúrufú ni wọ́n fi kó wọn wálé. Ayùn kan ni bàbá mi mú bọ̀. Mo ṣì ní ayùn náà.

Àkànní Àjàṣẹ́:
Èmi ò mọ̀ pé Gàbọ́ọ̀n ni o. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Àlàmú Kétu:
Ẹ má dẹ́rù bà á jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti lo ọdún 15 ní Libreville. Ìdajì ilé alájà ní àdúgbò wa, owó Gàbọ́ọ̀n ló kọ́ ọ. Ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí tálákà máa jẹ́ tálákà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ l'Ékòó:
Ṣé inú ọkọ̀ ojú omi lóru ni ẹ̀gbọ́n yín gbà lọ?

Àlàmú Kétu:
Rárá o. Bàálù ló wọ̀. Ọ̀gá kan ló fìwé pè é.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ l'Ékòó:
Ẹ ṣé.

Tàńtí Wàńdó:
Ẹ̀yin ọmọdé kò rántí ọkọ̀ ojú omi Etireno. 2001, oṣù kẹrin. Kútọnu ló ti gbéra, ó kó èèyàn lọ sí Gàbọ́ọ̀n, àwọn ọmọdé wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń kó lọ síṣẹ́. Wọn ò gbà á ní Libreville, wọn ò gbà á ní Douala ní Kamẹrúùnù, ó padà wá sí Kútọnu. Gbogbo ayé ló gbọ́. Ẹ tún gbọ́, ní oṣù kẹjọ 2025 ni ìjọba Gàbọ́ọ̀n sọ pé àwọn òwò kéékèèké kan ti di ti ọmọ onílẹ̀ nìkan. Fóònù títúnṣe wà níbẹ̀. Irun dídì lójú títì wà níbẹ̀. Irun, Ìyá Ìbejì! Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ gan-an.

Ìyá Aláró:
Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Ẹ ní mò ń bú u.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ó ní inú ilé làwọn máa ti máa dì í, kì í ṣe ojú títì.

Bàbá Ọ̀họ̀rí:
Ìwé ẹ ńkọ́? Ọwọ́ ta ló wà?

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Káàtì ìdánimọ̀ mi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ṣètò ni. N ò ní pàsípọ́ọ̀tù.

Ọmọ Kétu l'Ábíjàn:
Ìyá wa, ẹ má san 200 yẹn. Ẹ má san án.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin náà ti mọ gbogbo ẹ̀. Nínú 450 yẹn, 300 kì í ṣe tèmi. Èmi ni mò ń gba àjọ àwa obìnrin ọjà. Ìyáálé kan ló kàn láti kó o lóṣù yìí. Mo rò pé oṣù kìíní tí mo bá débẹ̀, màá ti fi ránṣẹ́ sílé. Ọkọ mi kò mọ̀. Kò mọ̀ pé ojú omi ni, bọ́ọ̀sì ni mo pè é fún un.

Àlàmú Kétu:
Ah.

Alábòójútó:
Mo ti yọ èsì mẹ́ta tí wọ́n fi pe obìnrin yìí ní olè. Ẹni tó bá tún bú u, màá yọ òun náà.

Bàbá Ọ̀họ̀rí:
Gba káàtì ẹ ná. Má dá lọ o. Mú ọkọ ẹ dání, kí o sọ òótọ́ fún un lálẹ́ òní. Tí ẹni yẹn bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti kọ ránṣẹ́ sí ẹ. Má pa nǹkan kan rẹ́ nínú fóònù ẹ.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Mo ti kọ̀wé sí i báyìí pé kó dá a padà. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ l'Ékòó:
Ẹ pè é.

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Kò wọlé mọ́.

Ìyá Aláró:
Kétu ni mò ń ná lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n n ò ní dúró dọjọ́ náà. Mò ń bọ̀ lọ́la. Èmi àtìẹ la jọ máa lọ sílé ọkùnrin yẹn. Apá ibo ni ṣọ́ọ̀bù ẹ wà?

Ìyá Ìbejì, Kétu:
Ẹ ṣé, mà. Tí ẹ bá ti kọjá ọjà, ẹ béèrè Ìyá Ìbejì onírun. Ẹ má yà sí ti ọ̀ọ́kán o, á sáré jáde wá pè yín ní àǹtí.