Re: “Ìrísí fáìlì” àti “asẹ́”: mi ò fara mọ́ méjèèjì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí yín o.

Níbi tá a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká máa pe fọ́máàtì (ọ̀nà tí ètò kan ń gbà kọ iṣẹ́ wa sínú fáìlì) ní “ìrísí fáìlì”, ká sì máa pe ohun tó ń bá ètò ìkọ̀wé bí AbiWord tàbí LibreOffice ṣí fáìlì tí ètò mìíràn kọ ní “asẹ́”, torí pé filter ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú.

Ohun tójú rí ni ìrísí. Ẹ tẹ lẹ́tà kan, ẹ tọ́jú rẹ̀ ní .odt (ti LibreOffice), ẹ tún tọ́jú rẹ̀ ní .docx (ti Microsoft Word): ìbejì ni wọ́n lójú. Ẹ wá tú wọn wò, zip ṣáà ni àwọn méjèèjì, ìyẹn àpò tí wọ́n di fáìlì kéékèèké sí. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ̀rọ̀ kan di bold (lẹ́tà tó dúdú kirikiri), .odt á kọ́kọ́ fún irú ìkọ̀wé yẹn lórúkọ, bíi T1, á wá fi orúkọ náà sàmì sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú content.xml, ọ̀kan lára fáìlì inú àpò náà. Ní ti .docx, àṣẹ bold yẹn lè lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà tààrà nínú document.xml tó wà nínú àpò tirẹ̀. Àwa tá à ń kọ Yorùbá ló yẹ kó tètè yé. Kí Unicode (ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà kan náà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà) tó gbilẹ̀, àwọn fọ́ǹtì kan ń ya ẹ àti ọ sí àyè àmì mìíràn. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ǹtì náà, Yorùbá gidi lẹ máa rí. Gbé e dé ibòmíì, ó di jágbajàgba. Ìrísí rẹ̀ dára o, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kì í ṣe Yorùbá.

Fún fọ́máàtì, “ìlànà ìkọpamọ́” ni mo fara mọ́. Ẹnìkan á ní “pamọ́” jọ ohun tá a fi bò. A kì í pa owó mọ́ ni? (Fọ́máàtì CorelDRAW, ètò ìyàwòrán, tí wọn ò tẹ ìlànà rẹ̀ síta, ìtumọ̀ méjèèjì bá a mu.)

Ti asẹ́ ló dùn mí jù. Iṣẹ́ asẹ́ ni kó dá nǹkan dúró. Bí àtẹ tàbí àkọlé bá ṣẹ́ kù lójú ọ̀nà níbí, àbùkù ni. Ẹ wo libwpd, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń pè ní filter yìí: ó ń ka fáìlì WordPerfect, ètò ìkọ̀wé àtijọ́ kan, á máa sọ pé “ìpínrọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbí, bold parí níbí”, ètò tó ń gbọ́ ọ á sì kọ ọ́ lọ́nà tirẹ̀. Ògbufọ̀ nìyẹn. Ògbufọ̀ kan náà yìí sì ni AbiWord àti àwọn ètò ọ́fíìsì KOffice àti OpenOffice.org jọ lò, kò sẹ́ni tó ní láti tún WordPerfect kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni libcdr ṣe ń bá LibreOffice, Inkscape (ètò ìyàwòrán) àti Scribus (ètò ìtò-ojú-ìwé) ka fáìlì CorelDRAW. Lóṣù kẹrin ọdún 2014, The Document Foundation, àjọ tó ni LibreOffice, kó irú wọn jọ sábẹ́ Document Liberation Project. Tá a bá pè wọ́n ní asẹ́, ta ló máa mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ èdè kan, wọ́n sì ń sọ òmíràn?

“Òṣùwọ̀n” tẹ́ ẹ dábàá fún standard, irú èyí tí ẹgbẹ́ OASIS fọwọ́ sí ní 2005, tí àjọ àgbáyé ISO sì gbà ní 2006 fún ODF (ìdílé tí .odt ti wá), mo gbà á láìjanpata.

Ìṣòro tó kù ni pé “ìlànà ìkọpamọ́” gùn jù fún àpótí kékeré tá a ti ń yan .odt tàbí .docx. Níbẹ̀, mo rò pé “ìkọpamọ́” nìkan tó, àfi tẹ́nìkan bá ní èyí tó tún kúrú jù bẹ́ẹ̀.