Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fara pa ní sáìtì rí, báwo lẹ ṣe rí owó yín gbà?

Kápẹ́ńtà Àkóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Dẹ́kìn la ń ṣe nílé alájà méjì kan ní Àkóbọ̀ lọ́dún tó kọjá, òjò rọ̀ mọ́jú, ọparun tá a dúró lé ń yọ̀, mo sì ti sọ fún fọ́mánù pé okùn tí wọ́n fi dì í ti ń jẹrà, ó ní kí n gòkè jàre, pé míkísà ti wà lọ́nà. Bí mo ṣe nawọ́ gba pákó báyìí, okùn já, ilẹ̀ ni mo bá ara mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti dá. Kọngílá gbé mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun, ó san owó ọjọ́ yẹn, n ò rójú ẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó máa yọjú, ₦50,000 àti bébà kan ló mú wá, wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti parí ọ̀rọ̀, pé n ò ní í bèèrè nǹkan kan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ l'Ọ́jẹ́ já bébà yẹn gbà, ó ní kò sẹ́ni tó máa tẹ ìka sí i. Inú bí mi o, torí owó oògùn ni mò ń wò. Àṣé òun ló gbà mí. A lọ sí Legal Aid Council, àwọn lọ́yà tí ìjọba fi ran tálákà lọ́wọ́, wọ́n ní òfin tó ń jẹ́ Employees' Compensation Act ọdún 2010 sọ pé òṣìṣẹ́ ò lè fọwọ́ síwèé sọ ẹ̀tọ́ ẹ̀ nù, ẹni tó bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, bébà lásán ni.

Lébìrà Ìwó Road:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú orí ire. Àwa tí wọ́n ń kó láàárọ̀ tí wọ́n ń sanwó fún nírọ̀lẹ́ ńkọ́? Bílọ́ọ̀kù wó lu àbúrò mi lẹ́sẹ̀ ní Ológunẹrù, ọ̀gá ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, pé kò sí létà.

Akọ̀wé Ring Road:
Mò ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ ni o, èmi kọ́ ni lọ́yà. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ létà yẹn dẹ́rù bà yín ni. Òfin yẹn ka lébìrà ojúmọ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó ka ọmọ iṣẹ́ náà mọ́ ọn, kódà bó jẹ́ ẹnu lásán lẹ fi ṣàdéhùn. Ẹ̀rí ni wàhálà. Bíríkìlà kan wá sọ́dọ̀ wa tí ọ̀gá ẹ̀ ń búra pé òun ò gbà á síṣẹ́, a ní kó gbé fóònù ẹ̀ wá, alẹ́ẹ̀tì ló kún ibẹ̀, fọ́mánù fọwọ́ ara ẹ̀ kọ "owó iṣẹ́" sí gbogbo ẹ̀! Ọ̀gá dákẹ́.

Láàárín ọjọ́ 14 ni kẹ́ ẹ ti fi tó ọ̀gá létí, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ọdún kan sì lẹ ní láti béèrè owó lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá ló ń dá owó sí àpò NSITF, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀, kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú tiyín. Bí kò bá san rárá, National Industrial Court lẹ máa gbé e lọ, wọ́n ní ẹ̀ka n'Íbàdàn níbí, àmọ́ ẹ múra sílẹ̀, ẹjọ́ ń pẹ́.

Ìyá Ìbejì Apẹ̀tẹ̀:
Ti ọkọ tèmi kọjá ẹsẹ̀ dídá. Wọ́n gbé àpò ìrẹsì wá, àwọn ẹbí ní àyànmọ́ ni, ká gba kámú. Mo ní mo gbà fún Ọlọ́run, àmọ́ n ò gbà fún ilé iṣẹ́. Bí opó bá ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù olóògbé ló yẹ kí NSITF máa san. Ìwé ikú, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbà, wọ́n sì rán mi padà sílé láìmọye ìgbà. Ìgbà tówó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn tó ní àyànmọ́ ni ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Lébìrà Ìwó Road:
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á tù yín nínú. Akọ̀wé, ti àbúrò mi ti kọjá ọjọ́ 14 o. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?

Akọ̀wé Ring Road:
Kò tíì bọ́. Ta ló gbé e kúrò ní sáìtì?

Lébìrà Ìwó Road:
Fọ́mánù náà ni, ọ̀kadà ló fi gbé e.

Akọ̀wé Ring Road:
Ó dáa. Bí ẹni tó ń ṣojú ọ̀gá bá ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn, NSITF ṣì lè gbà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ibi tí fọ́mánù gbé e lọ, orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ru bílọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ wá ọlọ́kadà yẹn rí pẹ̀lú.