Èwo ni kí n kọ́kọ́ kọ́, iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ni tàbí yoga (nínà ara pẹ̀lú mímí wọ́ọ́rọ́wọ́)?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbàdàn ni mo wà. Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àtàwọn ìyá àdúgbò wa máa ń ṣe eré ìdárayá ní pápá iléèwé kan, wọ́n sì ti ń ní kí n sọ ọ́ di iṣẹ́. Ó wù mí gan-an, àmọ́ mo fẹ́ kọ́ ọ dójú àmì, kí n má baà ṣe ìyá oníyàá léṣe.

Ẹ̀kọ́ wákàtí 200 ni ìlànà Yoga Alliance, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yoga ní Amẹ́ríkà, fún olùkọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀. Ṣé ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó, àbí kí n wá ẹni tí yóò máa fọwọ́ tọ́ ìdúró mi sọ́nà?

Ọ̀rọ̀ orúnkún ló ká mi lára jù. Ìyá kan wà, tó bá ti fẹ́ lóṣòó, á di ògiri kíláàsì mú, gìgísẹ̀ rẹ̀ á sì gbéra nílẹ̀. Àga ni mo ní kó máa lò báyìí: kó jókòó, kó dìde, díẹ̀díẹ̀. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́, ṣé kí wọ́n yẹra fún dídorí kodò pátápátá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, eélòó lẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan? Bí ẹnìkan bá sì ní ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni yoga, kí lẹ máa ń sọ fún un?