Ẹni tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù kò jẹ́ kí etí mi sinmi

Onídìrí Ìgbọ̀nà: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Inú ń bí mi, ẹ má wo àṣìtẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan la jọ ń dirí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀, fíìmù Yorùbá lórí YouTube ni, títí a ó fi tilẹ̀kùn. Ọ̀kan náà sì ni gbogbo wọn: ọba kan, olorì méjì tó ń jowú, babaláwo tó ń pọfọ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo di ṣùkú tán lórí oníbàárà, ọfọ̀ baba náà kò tíì tán! Ibi tó bá wá dùn gan-an, wọ́n á ní ká máa retí apá kejì. Ọmọ yunifásítì UNIOSUN ló pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi, orin Asake ni wọ́n ń bèèrè. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n yìí pé ká fi orin sí i fún wákàtí méjì péré, ó ní orin ọmọ ìta ni. Ọjọ́ karùn-ún rèé tí kò dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Lánàá, ó jẹ mọ́ínmọ́ín lójú mi, kò ní kí n wá jẹ. Ṣé kí n kó ẹrù mi jáde ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ta ló ni tẹlifíṣọ̀n?

Bàbá Alẹ́kúwodò: Ẹ̀gbọ́n yẹn ò jẹ̀bi. Orin ìsinsìnyí, gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n ń tún pè. Ẹ lọ gbọ́ Sunny Adé, ọmọ Òṣogbo wa níbí.

Ọmọ Oǹdó: Bàbá, ẹ rọra. Ọmọ Oǹdó ni KSA.

Bàbá Alẹ́kúwodò: Níbo ni wọ́n bí i sí ní 1946?

Ọmọ Oǹdó: Ibi tí wọ́n bíni sí kọ́ ni ilé baba ẹni. Ìdílé ọba Oǹdó ni.

Onídìrí Ìgbọ̀nà: Ẹ jọ̀ọ́, ẹjọ́ tèmi la wà lórí ẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ ń bú Asake, fújì ló kún inú orin ẹ̀, ẹ ò kàn fara balẹ̀ gbọ́ ọ ni. OAU ní Ifẹ̀ níbí ló ti kọ́ eré orí ìtàgé. Ọmọ ìta wo?

Ìyá Ìbejì: Mo ṣì ń retí èsì o.

Tísà Àgbà: Ọfọ̀ kọ́ ló ba fíìmù jẹ́. Òṣogbo yìí ni Dúró Ládiípọ̀ ti gbé eré orí ìtàgé Ọba Kò So jáde ní 1963, ní ilé eré Mbari Mbayo, ó sì gbé e dé Jámánì ní 1964. Ọfọ̀ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n bí jagunjagun Gbọ̀nkáà bá pọfọ̀ sí jagunjagun ẹgbẹ́ ẹ̀, Tìmì Ẹdẹ, Tìmì á sùn, ọ̀rọ̀ á sì yí padà. Ti ìsinsìnyí, wọ́n á pè é tán, gbogbo wọn á ṣì wà lórí ìdúró. Wọ́n ń fa fíìmù gùn kí ìpolówó lè ráyè wọlé ni.

Adúmáradán: Ọkọ tèmi ń kọ́! Dátà mi ló fi ń wò ó lóru, ó tún máa ń sunkún.

Bàbá Alẹ́kúwodò: Àǹtí, àgbà ni. Ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Onídìrí Ìgbọ̀nà: Mo ti kúnlẹ̀ rí, fíìmù ló ń wò, kò rí mi. Ìyá Ìbejì, òun ló ni tẹlifíṣọ̀n. Òun ló ni jẹnẹrétọ̀ náà. Ṣùgbọ́n èmi náà máa ń ra epo nígbà mìíràn.

Ìyá Ìbejì: Nígbà mìíràn. Owó ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

Onídìrí Ìgbọ̀nà: Nígbà tí onílé lé mi kúrò ní Ọláìyá, òun ló ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. N kò tíì san nǹkan kan. Mo fún un lówó lẹ́ẹ̀kan, kò gbà á.

Bàbá Alẹ́kúwodò: Háà.

Adúmáradán: Ẹ tún wá ń bínú mọ́ínmọ́ín?

Onídìrí Ìgbọ̀nà: Ẹ má bú mi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ kò ju èyí lọ: èló ni sípíkà kékeré, èyí tí mo lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tèmi?

Ìyá Ìbejì: Àǹtí mi, ẹ ra epo lọ́la ná, kí ẹ tó ra sípíkà.

Onídìrí Ìgbọ̀nà: Lítà mélòó?