Wọ́n fẹ́ fi irin sí ẹ̀yìn Màmá mi: kí ni kí n bi dókítà?

Òkun o, gbogbo ilé. Kábà ni mo ti ń kọ̀wé. Màmá mi ti pé ẹni ọdún 63. Ìbàdí ń dùn wọ́n, ìrora náà ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì. Bí wọ́n bá rìn dé ẹnu títì, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ ti orúnkún, kó tó rọlẹ̀. Dókítà ní egungun kẹrin ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn ti yọ̀ síwájú lórí ìkarùn-ún, pé síkúrù mẹ́rin ni àwọn máa fi dè é, àwọn á sì ki cage, ìyẹn ohun kékeré tó ń gbé egungun méjèèjì dúró, sáàárín wọn. Ṣé irin tí wọ́n rọ nílẹ̀ òkèèrè máa bá ẹ̀yìn Màmá mu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Nọ́ọ̀sì tíátà, Ẹ̀gbẹ̀: Òkun, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Òkèèrè ni wọ́n ti ń rọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo. Egungun márùn-ún ló wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, wọn ò sì jọra. Ìkarùn-ún, iwájú rẹ̀ ga ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, bíi wẹ́ẹ̀jì tí kọ̀ǹdọ́ fi ń há táyà lójú òkè. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ìbàdí wa tẹ̀ wọnú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe cage tí iwájú rẹ̀ ga. Bí wọ́n bá fi pẹrẹsẹ síbi tí kò yẹ, ẹ̀yìn á nà gbọọrọ, èèyàn á máa dà síwájú bó bá ń rìn. Síkúrù náà, ojú síkáànù ni wọ́n ti ń wọn ibi tó máa gbà, ní mílímítà. Èyí tó sanra jù lè la egungun.

Ọmọ Ìsánlú: Ẹ ní kí wọ́n yẹ líle egungun Màmá wò ṣáájú. Wọn ò ṣe é fún ìyá tèmi. Cage rì wọnú egungun, a tún padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣì ń dùn mí.

Nọ́ọ̀sì tíátà, Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Àárín ojú egungun ló rọ̀, etí rẹ̀ ló le. Cage tó bá kéré jù, ibi tó rọ̀ yẹn ló máa jókòó lé. Ẹni Kábà, bí Màmá ò bá lè mú ìtọ̀ dúró, tàbí abẹ́ wọn kú tipiri, ẹ má dúró de ọjọ́ àdéhùn o. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Ọjọ́bọ̀ la máa rí dókítà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: gíga iwájú cage, ìwọ̀n síkúrù, líle egungun. Màmá ní kí n fi ìkẹrin kún un, bóyá àwọn á ṣì lè gún iyán.

Nọ́ọ̀sì tíátà, Ẹ̀gbẹ̀: Irin kàn ń di egungun mú ni títí á fi so pọ̀, oṣù mélòó kan nìyẹn. Kí ẹlòmíì ṣì máa bá wọn gún un.