Ajá awáni, kì í ṣe ajá adóòlà-ẹ̀mí

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ṣómólú ló mú un wá pé "ajá adóòlà-ẹ̀mí" ni ká máa pe ajá tí wọ́n kọ́ láti wá ẹni tó há sábẹ́ ilé tó wó, tàbí ẹni tó sọnù sínú igbó. Ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣe àmín sí i. Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, mi ò bá yín lọ síbẹ̀.

Ta ló ń dóòlà? Ajá ò gbé búlọ́ọ̀kù, kò mú ṣọ́bìrì, kò mọ irin gé. Frida, ajá àwọn ọmọ ogun ojú omi Mẹ́síkò tí òkìkí rẹ̀ kàn lọ́dún 2017 nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀, kò fa ẹnikẹ́ni jáde. Èèyàn ló ń gbẹ́lẹ̀. Ohun méjì péré ni irú ajá bẹ́ẹ̀ ń ṣe: ó gbọ́ òórùn, ó sì gbó. Ẹ wo bí èdè wa ti ṣe é sílẹ̀ dè wá! Gbígbọ́ la máa ń gbọ́ òórùn, bí ẹni gbọ́ ohùn. Gbọ́, kó tó gbó. Àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló yà wọ́n. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, ẹ ti sọ iṣẹ́ ajá di ìdajì.)

Mo wà ní Ìta Fájì ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, tí ilé alájà tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó. Ọwọ́ lásán làwọn ọmọ àdúgbò kọ́kọ́ fi ń ko àwókù. Ẹnìkan á lóun gbọ́ ohùn níbí, gbogbo wa á ya síbẹ̀. Ẹlòmíì á ní rárá, ọ̀hún ni. Adóòlà pọ̀ lọ jàra lọ́jọ́ náà. Ẹni tó máa nàka síbi tó yẹ ká gbẹ́ la ò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ "ajá awáni".

Àǹtí wa tó ń gbé ní Sùúrùlérè ní "ajá agbóòórùn" tó. Ajá wo ni kì í gbóòórùn? Ti àwọn aládùúgbò mi ń gbóòórùn ẹja díndín láti òpópónà kejì. Èyí tí wọ́n sì kọ́ láti máa wá oògùn olóró nínú báàgì kò ní bìkítà bí èèyàn bá há sábẹ́ kọnkéré.

Ajá awáni pín sí oríṣi. Wọ́n máa ń fún ọ̀kan ní aṣọ ẹni tó sọnù kó gbóòórùn rẹ̀, a sì dorí kodò tẹ̀lé ọ̀nà tónítọ̀hún gbà: "ajá atọpasẹ̀", kò sí ìjà níbẹ̀. Èkejì kì í wá ẹnì kan pàtó. Imú ló ń gbé sókè, òórùn èèyàn yòówù tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá ló ń tẹ̀ lé. Ẹnìkan dá "ajá agbatẹ́gùn" lábàá. Ẹ jọ̀ọ́! Àfi bí ajá tó lọ ṣe fàájì létíkun Ẹlẹ́gúṣì.

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ ajá ní Ìpájà ní kí n wá sá pamọ́ sínú ilé àkọ́kù lóṣù tó kọjá. Ó to pákó lé mi lórí, ó da tapólì bò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì lajá yẹn kọjá lórí mi. Ìgbà tó máa dúró, ibi ihò kan láàrin búlọ́ọ̀kù ló dúró sí, ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí mi, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí gbó. Mo ní ó ti ṣì í. Àbúrò mi ní kò ṣì í: bí èéfín lòórùn rí, ibi tó bá rí ihò ló ń gbà jáde; ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Táwẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ká ni owó iṣẹ́ ajá náà, òun àti àbúrò mi jọ ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Eré ló ń ṣe lójú tiẹ̀. Nítorí náà, ní ti orúkọ tá a máa pe iṣẹ́ àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká fi "ìdánilẹ́kọ̀ọ́" sílẹ̀ fún èèyàn. "Kíkọ́ ajá" ti tó.

Ó ku èyí tó ń wá òkú. "Ajá awókùú" tọ̀nà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ fojú inú wo ìyá tó dúró sẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, tó ń retí ọmọ ẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kan wá figbe ta pé, "Ẹ mú awókùú wá o!" Lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n kàn máa pè é ní "ajá kejì".