Ṣé Èkìtì ni kí n fi kọ àlọ́ ìyá àgbà, àbí Yorùbá ìwé?

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ kú ilé o. Láti ìgbà Kérésì ni mo ti ń gba ohùn ìyá ìyá mi sórí fóònù. Àlọ́ 23 ni wọ́n ti pa fún mi, Èkìtì pọ́ńbélé ni gbogbo rẹ̀. "Ulé" ni wọ́n ń pe ilé, Ahun ni wọ́n ń pe Ìjàpá. Mo kọ ọ̀kan ní Yorùbá ìwé, mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní, "Ó dùn, àmọ́ ta ló pa á?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Mo gbọ́ pé Italo Calvino, òǹkọ̀wé ará Ítálì, ṣe irú iṣẹ́ yìí. Báwo ló ṣe ṣe é?

Tíṣà Ọ̀yẹ́: Ọdún 1956 ló gbé àlọ́ 200 jáde, Fiabe italiane ni ìwé náà ń jẹ́. Ohùn ará Sicily yàtọ̀ gedegbe sí ti ará Venice, Calvino wá kó gbogbo wọn sínú èdè Ítálì kan ṣoṣo. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí i gan-an, ṣùgbọ́n kò fi pamọ́: ó kọ ibi tí àlọ́ kọ̀ọ̀kan ti wá àti ohun tó yí padà. Yorùbá ìwé ni kí o fi kọ ọ́, kí ọmọ Ìbàdàn náà lè kà á.

Adétọ̀rọ̀: Tíṣà, ẹ má bínú, ó ku ibì kan. Calvino kò jókòó ti ìyá àgbà kankan, inú ìwé ló ti bá àlọ́ wọ̀nyẹn. Ní Sicily, dókítà kan, Giuseppe Pitrè, ti tẹ tirẹ̀ jáde láti 1875, bó ṣe ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń pa á. Ọ̀kan nínú wọn ni Agatuzza Messia, ìyá kan tó ń rán aṣọ ìbora, tí kò mọ̀wé. Calvino yìn ín gidigidi. Tí Calvino bá yí àlọ́ ìyá yẹn padà, ti ìyá yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ti ìyá àgbà yín ńkọ́? Orí fóònù nìkan ló wà! Ẹ kọ ti Èkìtì ná. Ẹnikẹ́ni lè fi Yorùbá ìwé tún un sọ lẹ́yìn ọ̀la.

Tíṣà Ọ̀yẹ́: Òótọ́ nìyẹn. Mo gbà.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ ṣé o. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ àná, mo kọ "ulé" bí wọ́n ṣe pè é. Mo bi wọ́n bóyá kí n fi orúkọ wọn síwájú ìwé. Wọ́n ní kí n kọ oríkì wọn mọ́ ọn.